Títa Gìtá Tó Wúwo Bíi Ti Àwọn Àgbà Heavy Metal

Ẹni tó bá fẹ́ kí gìtá òun dún bíi ti Black Sabbath tàbí Metallica, bọ́tìnì Gain, èyí tó ń mú kí áńpílífáyà ya ohùn (distortion), ni ọwọ́ rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Á yí i dópin, gìtá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí epo gbígbóná, síbẹ̀ kò ní wúwo. Ohun tó ń mú un wúwo kò pọ̀: okùn tó bá túùnù mu, ọwọ́ tó ń ta á láìṣe ségesège, àti ohùn àárín tí ìlù àti béèsì kò lè bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni Gain ń bọ̀.

Okùn àti túùnù

Tony Iommi ti Black Sabbath, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968, ni ẹni tí gbogbo onígìtá heavy metal ń tẹ̀ lé. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ló fi ń tẹ okùn. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe fìlà fún ìka náà, ó fi awọ bò ó, ó sì wá okùn tínrín tí kò ní máa ni ín lára. Nígbà tó di àwo orin kẹta wọn, Master of Reality, lọ́dún 1971, ó sọ túùnù kalẹ̀ ní semitone 3 nínú àwọn orin kan (semitone kan ni ìgbésẹ̀ láti fret kan dé èkejì, fret sì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó là ọrùn gìtá kọjá). Okùn rọ̀ fún ìka rẹ̀, ohùn sì balẹ̀ dé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í sábà dé nígbà náà. Geezer Butler tó ń ta béèsì sọ tirẹ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ má kàn yí túùnù sílẹ̀ kí ẹ sì fi okùn tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ lórí gìtá. Ìka Iommi ló ní kó lo okùn rírọ̀. Ẹni tí ìka rẹ̀ pé tó ń ta okùn pẹ̀lú agbára, okùn rírọ̀ á máa lu fret, túùnù á sì máa yẹ̀. Fún túùnù tí gbogbo èèyàn mọ̀, E A D G B E, okùn 10 sí 46 tó: ìdá ẹgbẹ̀rún íńṣì ni ìwọ̀n yìí, láti okùn tó tínrín jù dé èyí tó nípọn jù. Fún drop D, níbi tí okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, nìkan ti sọ̀ kalẹ̀ dé D, ẹ lo 10 sí 52. Fún C# F# B E G# C# ti Iommi, 11 sí 54 dáa lórí gìtá tí gígùn okùn rẹ̀ jẹ́ íńṣì 25.5, lórí èyí tó jẹ́ 24.75, bíi Gibson SG, ẹ lo 12 sí 56. Okùn kẹfà ní E ń gbọ̀n ní ìgbà 82.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní C#, ó di 69.3.

Okùn tó nípọn sí i lè há sójú nut, ìyẹn egungun kékeré tó gbé okùn ró lókè ọrùn gìtá. Ẹ ó mọ̀ bó bá há: ẹ ó máa yí túùnù, kò ní lọ, lójijì á dún “tá”, á sì fò kọjá ibi tí ẹ ń lọ. Bó bá jẹ́ díẹ̀ ló há, ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù kun inú ihò náà. Bó bá há gan-an, ẹ fi fáìlì tó bá ìnípọn okùn mu fẹ̀ ẹ́, àmọ́ kí ẹ má gbẹ́ ẹ jìn. Bó bá jìn jù, okùn tí ẹ kò tẹ̀ rárá á máa lu fret kìíní, nut tuntun ló sì kù.

Ẹ wá wo ọrùn gìtá. Ẹ tẹ okùn kẹfà ní fret kìíní àti níbi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fret keje. Mìlímítà 0.2 sí 0.3 ló yẹ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, okùn ń fa ọrùn síwájú, ẹ yí truss rod, irin tó wà nínú ọrùn, sápá ọ̀tún. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ẹ yí i sápá òsì. Ìdá kan nínú mẹ́rin àyípo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ túùnù padà, kí ẹ tún wò ó.

Ó ku intonation, ìyẹn bí nóòtì ṣe péye tó káàkiri ọrùn gìtá. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ lókè fret 12 kí ẹ ta á, kí nóòtì rẹ̀ dún gaara, kí ẹ wá tẹ fret 12 náà mọ́lẹ̀ kí ẹ tún ta á. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ bá ga ju ti àkọ́kọ́, ẹ sún saddle okùn náà (irin kékeré tó gbé okùn ró lórí ara gìtá) sẹ́yìn, kó jìnnà sí ọrùn; bó bá lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́, ẹ sún un síwájú. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, chord rẹ̀, ìyẹn nóòtì mélòó kan tí a ta pọ̀, á máa gbọ̀n rìrì bó bá ti gòkè lórí ọrùn gìtá, á sì máa dá áńpílífáyà lẹ́bi. Nígbà tí ẹ bá sì ń túùnù, bí ẹ ṣe máa ta okùn nínú orin ni kí ẹ ta á. Okùn tí a ta gidi máa ń fò sókè díẹ̀ kó tó padà sípò, èyí tí a fi jẹ́jẹ́ túùnù á wá ga jù nígbà tí orin bá gbóná.

Ìdí tí nóòtì méjì fi tó

Orí power chord ni orin yìí dúró lé: nóòtì ìpìlẹ̀ àti ìkarùn-ún rẹ̀ (nóòtì karùn-ún sókè lórí scale), nígbà mìíràn pẹ̀lú octave, ìyẹn nóòtì ìpìlẹ̀ kan náà lókè. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Bí áńpílífáyà bá ń ya ohùn, ó máa ń bí nóòtì tuntun láti inú ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn nóòtì tí a ta. A ń gbọ̀n ní ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, E òkè rẹ̀ ń gbọ̀n ní bíi 165. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 55, ìyẹn sì ni A tó wà ní octave kan nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń dún bíi pé béèsì ń tẹ̀ lé gìtá kan ṣoṣo. Ẹ wá fi C# sáàárín, tó ń gbọ̀n ní 138.6. Ìyàtọ̀ òun àti A jẹ́ 28.6, bẹ́ẹ̀ A tó sún mọ́ ibẹ̀ jẹ́ 27.5. Àwọn méjèèjì ò bára mu, ohùn á sì dàrú. Ẹni tó bá fẹ́ chord kíkún, kó ṣe bíi Malcolm Young ti AC/DC: Gain kékeré, okùn tó nípọn, ọwọ́ tó le.

Tó bá di riff fúnra rẹ̀, ìyẹn orin kúkúrú tí gìtá ń ta ní àtúntà, ẹ ta G, ẹ ta G tó wà ní octave lókè rẹ̀, kí ẹ dúró lórí C#. Nóòtì mẹ́ta yẹn ni orin tó bẹ̀rẹ̀ àwo àkọ́kọ́ Black Sabbath, tó jáde lóṣù kejì ọdún 1970, dúró lé. Semitone 6 ló wà láàárín G àti C#, etí kò sì rí ibi ìsinmi lórí rẹ̀. Láti E sí F, semitone 1 péré, náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín nóòtì. Àwọn tó ń kó nóòtì jọ ni kì í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ tó ń ta okùn

Fún palm mute, ìyẹn fífi àtẹ́lẹwọ́ dín ohùn okùn kù, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́, lápá ìka kékeré, lé okùn níbi tó ti ń kúrò lórí bridge, irin tó mú okùn mọ́ ara gìtá, gan-an. Bí ẹ bá lọ síwájú ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, nóòtì á kú, ariwo “tọ́” nìkan ni ẹ ó gbọ́. Bí ọwọ́ bá wà lórí bridge pátápátá, okùn á máa dún lọ. Ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí nóòtì á fi kúrú ṣùgbọ́n tí ẹ ṣì lè dá a mọ̀. Ẹ má tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀, nítorí ìyẹn máa ń fa túùnù sókè. Píìkì tó nípọn tó mìlímítà 0.9 sí 1.2 ni kí ẹ lò. Èyí tó rọ̀ máa ń tẹ̀, á sì pẹ́ kó tó kúrò lórí okùn.

James Hetfield ti Metallica ló sọ títa sísàlẹ̀ nìkan di àmì metal, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Johnny Ramone ti ń ṣe é ṣáájú rẹ̀ nínú punk. Ohun tó dáa nínú rẹ̀ ni pé gbogbo nóòtì ń ní ìwúwo kan náà. Tí ẹ bá ń ta sísàlẹ̀ ta sókè, tòkè máa ń fúyẹ́ ju tìsàlẹ̀ lọ. Orin tó sọ àwo Master of Puppets ti ọdún 1986 lórúkọ ń sáré ní nǹkan bíi beat 212 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nóòtì méjì sí beat kan jẹ́ kó lé ní 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sísàlẹ̀ nìkan.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi metronome, ẹ̀rọ tó ń ka beat, sí 100, nóòtì méjì sí beat kan, okùn kẹfà nìkan pẹ̀lú palm mute, fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ sinmi fún 1. Bí gbogbo nóòtì bá dọ́gba, ẹ fi 5 kún un. Ọrùn ọwọ́ ló yẹ kó máa mì, kì í ṣe ìgúnpá, kí ẹnu píìkì má sì yọ ju mìlímítà 3 sí 4 lọ. Bí apá bá le gbagidi, ẹ dín 10 kù. Rírẹ̀ kò burú, àmọ́ bí oríkèé bá ń dunni, ẹ pa á tì di ọjọ́ kejì.

Gallop, eré tí Steve Harris fi sọ Iron Maiden di olókìkí, jẹ́ nóòtì gígùn kan àti kúkúrú méjì. Ìka méjì ni Harris fi ń ta á lórí béèsì, láìlo píìkì. Lórí gìtá, ẹ ta sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, sókè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pípín beat sí mẹ́ta ọgbọọgba. Mẹ́rin ni kí ẹ pín in sí: nóòtì àkọ́kọ́ gba méjì, àwọn tó kù gba ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Áńpílífáyà

Lórí òǹkà 10, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: Gain 5, Bass 4, Middle 6, Treble 6, Presence (ohùn òkè pátápátá) 5. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yí Middle wálẹ̀ dé 0 tàbí 1, nítorí ó dùn létí nígbà tí wọ́n bá dá wà nínú yàrá. Bí ìlù àti béèsì bá ti wọlé, gìtá náà á pòórá: béèsì ti gba ìsàlẹ̀, símbálì ti gba òkè, àárín nìkan ni àyè gìtá. Bí fólúùmù bá sì ti ń ga, etí máa ń gbọ́ ìsàlẹ̀ sí i, nítorí náà Bass tó dáa ní fólúùmù kékeré á pọ̀ jù lórí ìtàgé.

Láti mọ̀ bóyá Gain pọ̀ jù, ẹ ta minor chord onínóòtì mẹ́ta. Bí ẹ kò bá lè dá nóòtì kọ̀ọ̀kan mọ̀, ẹ dín in. Ní túùnù ìsàlẹ̀, ẹ fi pedal overdrive bíi Tube Screamer síwájú áńpílífáyà: Drive 0, Level 8 sókè, Tone 5. Kì í ṣe kó lè ya ohùn la ṣe fi í síbẹ̀. Ó ń gé ìsàlẹ̀ kúrò kó tó dé ibi tí áńpílífáyà ti ń ya á, nóòtì á sì yọ gedegbe. Noise gate, ẹ̀rọ tó ń pa ohùn tó bá kéré jù, lè pa ariwo àlàfo, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé threshold rẹ̀, ìwọ̀n tó fi ń mọ ohùn tó kéré, ga jù, á máa gé ìparí nóòtì. Túùbù, gílóòbù tó ń gbé ohùn ga nínú àwọn áńpílífáyà kan, kì í sì í ṣe dandan: áńpílífáyà Randall oní-transistor ni onígìtá Dimebag Darrell fi ṣe ohùn ẹgbẹ́ Pantera.

Ẹ ó gbọ́ pé onígìtá Eddie Van Halen fi Variac, ẹ̀rọ tó ń yí agbára iná, dín iná tó ń wọ áńpílífáyà Marshall rẹ̀ kù dé nǹkan bíi 90 volt. Ẹ má dán an wò. Ẹ má sì ṣí ẹ̀yìn áńpílífáyà onítúùbù, nítorí capacitor inú rẹ̀ lè pa iná tó lè pa èèyàn mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò nínú iná. Ẹ má tan án láìsí sípíkà lára rẹ̀, transformer rẹ̀ á jó. Kí ohm sípíkà (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná) sì bá èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn áńpílífáyà mu.

Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́

Béèsì kò gbọdọ̀ fi àárín sílẹ̀ pátápátá. Lemmy ti Motörhead máa ń ta chord lórí béèsì Rickenbacker gba inú áńpílífáyà Marshall, àárín ló sì gbé sókè. Kí onílù má fi ẹsẹ̀ méjì lu ìlù ńlá ní gbogbo ibi. Ó máa ń bo palm mute mọ́lẹ̀.

Bí gìtá bá jẹ́ méjì, bíi ti Judas Priest tàbí Thin Lizzy, ẹ fi ìkẹta (nóòtì kẹta sókè lórí scale) ṣe ìbárìn. Ní E minor, tí ẹni kìíní bá ta E F# G B, kí ẹnì kejì ta G A B D. Àlàfo wọn kì í dọ́gba: semitone 3, 3, 4, 3. Ẹni tó bá ń fi 4 tẹ̀ lé e ní gbogbo ibi á bọ́ kúrò nínú key orin.

Nígbà gbígba ohùn sílẹ̀, ẹ ta riff lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sápá òsì, ọ̀kan sápá ọ̀tún. Ẹ má ṣe ẹ̀dà ẹyọ kan: ẹ̀dà kàn á dún sókè láàárín ni, nítorí ìyàtọ̀ kékeré láàárín ìgbà méjèèjì ló ń mú kó fẹ̀. Ẹ dín Gain kù ní 1 tàbí 2, torí gìtá méjì á pawọ́ pọ̀.

Ní decibel 85, wákàtí 8 ni etí lè fara dà lójúmọ́. Gbogbo 3 tó bá gun orí rẹ̀ ń gé àkókò náà sí méjì, nítorí náà ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni, ẹgbẹ́ metal nínú yàrá kékeré sì máa ń kọjá ibẹ̀. Ẹ lo earplug, ìyẹn ohun tí a fi ń dí etí. Ṣùgbọ́n oní-fóòmù ń gé òkè ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ti tò Treble àti Presence tán ní fólúùmù kékeré kí ẹ tó ki í bọ etí, kí ẹ má baà gbé òkè sí i fún àwọn tó wà níwájú.