Bí Mo Ṣe Tún Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀rọ Ìgékoríko Ṣe Nílé: Káábúrétọ̀ Nìkan Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe èyí tó kọ̀ láti jí. Bí a bá fa okùn rẹ̀ dáadáa, yóò dún, yóò lọ sókè, yóò wálẹ̀, yóò tún lọ sókè, kó tó kú pátápátá. Bí a bá fa ṣókù, ọwọ́ tí a máa ń fà kí ẹ́ńjìnnì tútù lè jí, síta díẹ̀, ó máa ń pẹ́ sí i kó tó kú. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, wọ́n sì ti dá ẹjọ́ kí wọ́n tó gbé e wá: "Káábúrétọ̀ ló ti bàjẹ́. Bá mi wá tuntun fi sí i." Káábúrétọ̀ ni páàtì tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè kí n kọ́kọ́ bi ẹ́ńjìnnì náà léèrè ọ̀rọ̀.

Èmi ò fara mọ́ kí èèyàn máa ra páàtì kó tó mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó pààrọ̀ káábúrétọ̀, púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná àti kọ́ìlì tó ń rán iná sí i lẹ́ẹ̀kan náà lè rí i kí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n kò ní mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ̀bi. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, apò rẹ̀ náà ni yóò tún gbọ́.

Nǹkan mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fẹ́: epo, afẹ́fẹ́, iná púlọ́ọ̀gì, àti kí pístìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò ẹ́ńjìnnì tí à ń pè ní sílíńdà, lè fún àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa. Bó ti rí nìyẹn láti ìgbà tí Nikolaus Otto ti gbé ẹ́ńjìnnì onísítírókù mẹ́rin tirẹ̀, èyí tí pístìnì rẹ̀ ń rin ìrìn mẹ́rin fún iná kan, jáde ní Jámánì ní 1876. Ẹ̀rọ tó jí, tó sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó tó kú, ti dáhùn méjì nínú mẹ́rin: iná wà, pístìnì náà sì ń fún nǹkan pọ̀. Ní ti afẹ́fẹ́, fílítà rẹ̀ dọ̀tí lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí mo yọ ọ́ kúrò tí mo sì fa okùn, àìsàn náà kò yí padà. Ó wá ku epo.

Ṣókù gan-an ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀. Iṣẹ́ ṣókù ni láti dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ nínú àdàlù. Bí ara ẹ́ńjìnnì bá ń yá nígbà tí ṣókù wà níta, epo tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó nìyẹn. Lílọ sókè wíwálẹ̀ yẹn náà ní ohun tó fà á. Gọ́fánọ̀ ló ń ṣọ́ ìyára ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá ṣẹ́, ìyára á já wálẹ̀, gọ́fánọ̀ á ṣí ọ̀nà sílẹ̀ gbayawu, ẹ́ńjìnnì á ta gìrì dìde, gọ́fánọ̀ á tún pa ọ̀nà dé, epo á tún ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rí èyí tí wọ́n á lọ máa tẹ irin gọ́fánọ̀, tí wọ́n á máa fa sípíríǹgì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Gọ́fánọ̀ tí a bá sì fọwọ́ bà jẹ́ lè jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré kọjá ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ abẹ ló wà nídìí rẹ̀.

Mo tú ìdérí táǹkì díẹ̀, mo tún fa okùn. Ihò tín-ín-rín kan wà lára ìdérí yẹn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé rọ́pò epo tó ń lọ. Bó bá dí, epo á dáwọ́ ṣíṣàn dúró. Kò yí nǹkan kan padà. Mo fa rọ́bà epo kúrò lẹ́nu káábúrétọ̀, mo gbé ìgò sábẹ́ rẹ̀, epo sì ṣàn geere. Táǹkì àti rọ́bà bọ́ nínú ẹjọ́. Inú káábúrétọ̀ ni ìdènà náà wà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo epo inú ìgò náà. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, òórùn rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti bẹntiróòlù, omi díẹ̀ sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nísàlẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti gé koríko kẹ́yìn ni epo náà ti wà nínú táǹkì. Epo tó bá pẹ́ báyìí, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fò lọ, èyí tó kù á máa di gọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n po ẹtanọ́ọ̀lù mọ́, á tún máa fa omi inú afẹ́fẹ́ sára, omi yẹn á sì máa jẹ irin inú káábúrétọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi káábúrétọ̀ tuntun sí i tó sì dá epo yẹn padà, ó kàn sún wàhálà síwájú ni.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun lábẹ́ ẹ̀rọ náà, mo yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kúrò lórí púlọ́ọ̀gì, mo sì so ó sẹ́yìn kó má baà sún padà. Orí kiránkì, ọ̀pá irin kan náà tí pístìnì ń yí, ni abẹ wà. Bí ẹ bá fọwọ́ yí abẹ, ẹ ń gbé pístìnì lọ sókè sódò nìyẹn. Bí epo díẹ̀ bá wà nínú sílíńdà, ẹ́ńjìnnì lè tapá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà sì tó láti gé ìka. Mo dá epo táǹkì jáde tán kí n tó dá ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀, mo sì jẹ́ kí apá ibi tí fílítà afẹ́fẹ́ wà kọjú sókè. Bó bá jẹ́ òdìkejì ni, ọ́ìlì á ya wọ fílítà àti káábúrétọ̀. Ìta gbangba ni mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, níbi tí iná kankan kò sí.

Kí bóòtì kankan tó kúrò, mo ya fọ́tò àwọn sípíríǹgì àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so gọ́fánọ̀ mọ́ káábúrétọ̀, láti ọ̀tún, láti òsì, láti òkè. Ihò tó jọra lè pọ̀ lára irin kan, ọ̀kan ṣoṣo ni sípíríǹgì ń wọ̀. Àwọn gásíkẹ́ẹ̀tì náà, ìyẹn àwọn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín páàtì méjì kó má baà jò, bí mo ṣe ń yọ wọ́n ni mo ń tò wọ́n tẹ̀ léra sórí aṣọ funfun. Wọ́n jọ ara wọn, àmọ́ òmíràn ní ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé inú abọ́ epo. Ẹni tó bá fi í sódì á dí ihò yẹn, á wá máa wá àìsàn tó jẹ́ òun ló fi í síbẹ̀.

Abọ́ epo tó wà nísàlẹ̀ káábúrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣí. Bóòtì kan ṣoṣo tí sípánà 10 ń wọ̀ ló dè é mú. Ẹ wo bóòtì yẹn dáadáa kí ẹ tó jù ú sínú àwo, nítorí nínú àwọn káábúrétọ̀ kan, òun fúnra rẹ̀ ni jẹ́ẹ̀tì, ara rẹ̀ ni ihò tó ń wọn epo wà. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò rí bẹ́ẹ̀; inú òpó àárín ni wọ́n tẹ jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ bọ̀. Ìsàlẹ̀ abọ́ náà ti hu ìpẹ́ funfun, gọ́ọ̀mù sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fa irin tó di fílótà, ohun tó ń léfòó lórí epo, mú jáde, mo yọ fílótà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó ń dí ọ̀nà epo nígbà tí abọ́ bá kún. Mo fi sukurudíráfà tó bá ẹnu jẹ́ẹ̀tì mu gẹ́lẹ́ tú u, torí pé idẹ ni, irin tó bá kéré jù á jẹ ẹnu rẹ̀. Mo gbé e sókè sí oòrùn: ìmọ́lẹ̀ kankan kò gba inú rẹ̀ kọjá.

Ṣíṣí jẹ́ẹ̀tì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Mo bó wáyà iná, mo yọ irun bàbà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, òun ni mo fi gún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi la. Bàbà kò lágbára tó láti ha idẹ. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ tàbí ẹnu dírílì lè bó ihò náà fẹ̀, ihò tó bá sì ti fẹ̀ á máa da epo kọjá ìwọ̀n, ẹ́ńjìnnì á máa yọ èéfín dúdú, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́ àfi ká ra jẹ́ẹ̀tì mìíràn. Òkè jẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pá idẹ kékeré kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń dàpọ̀ mọ́ epo. Àwọn tó ń fọ káábúrétọ̀ ní ìkánjú máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìdajì ihò rẹ̀ lè ti dí. Mo tì í jáde láti òkè, mo gún ihò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kó gbogbo ohun tó jẹ́ rọ́bà kúrò, mo wọ gíláàsì ààbò, mo wá fín oògùn ìfọkáábúrétọ̀ sí gbogbo ojú ihò. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo gíláàsì yẹn: ẹ fín in síhìn-ín, á gba ọ̀hún jáde sí yín lójú.

Nígbà tí mo to fílótà padà, mo dojú káábúrétọ̀ dé, mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ibi tí epo ń gbà wọlé. Kò kọjá. Mo gbé e tọ́ kí fílótà so rọ̀, atẹ́gùn sì kọjá. Bí abẹ́rẹ́ fílótà ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí atẹ́gùn bá ń kọjá nígbà méjèèjì, epo á máa kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó sì lè rìn títí wọ inú ọ́ìlì.

Púlọ́ọ̀gì ti di dúdú, ó sì gbẹ, èyí kò sì yà mí lẹ́nu nítorí ṣókù tí wọ́n ti ń fi mú un ṣiṣẹ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, mo wo àlàfo ẹnu rẹ̀ kó jẹ́ mílímítà 0.76 bí ìwé ìlò ẹ́ńjìnnì náà ṣe wí, mo sì fi ọwọ́ lásán wé e wọlé kí n tó fi sípánà kàn án. Mo fi fílítà tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, oníbébà ni, kì í ṣe fífọ̀. Fóòmù ni a máa ń fi ọṣẹ fọ̀.

Mo bu epo tuntun sí i. Ó jí, kò sì lọ sókè wálẹ̀ mọ́. Àmọ́ kó tó jí, okùn náà já gbà mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú agbára, bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń fà á padà. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó ń yìnbọn láti inú sàláńsà, agbára rẹ̀ kò sì pé. Níbi yìí, ẹlòmíràn á padà sí káábúrétọ̀. Èmi bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá abẹ náà ti gbá nǹkan rí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kùkùté kan wà nínú koríko tí n kò rí."

Ó tán. Àkókò tí iná ń ta ló ti yẹ̀. Òòfà tó wà lára fláwíìlì, kẹ̀kẹ́ irin tó ń yí lórí kiránkì, ló ń mú kí kọ́ìlì ta iná, irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí à ń pè ní kíì ló sì ń jẹ́ kí fláwíìlì jókòó síbi tó yẹ lórí kiránkì. Nígbà tí abẹ gbá kùkùté, kiránkì dúró gbagidi, ṣùgbọ́n fláwíìlì wúwo, ó ta síwájú bí èrò inú ọkọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá tẹ búrẹ́kì lójijì. Irin rírọ̀ ni kíì, ó sì gé díẹ̀. Látìgbà náà ni òòfà ti ń dé iwájú kọ́ìlì ṣáájú àsìkò. Iná á ta nígbà tí pístìnì ṣì ń gòkè, á tì í padà sẹ́yìn, okùn á sì já gbà mọ́ ẹni tó ń fà á lọ́wọ́.

Mo yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ṣí ìbòrí òkè, mo fi bẹ́líìtì ìdìmú di fláwíìlì mú kí n tó tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń ki sukurudíráfà bọ àárín etí fláwíìlì. Etí wọ̀nyẹn ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí ẹ́ńjìnnì, wọn kì í pẹ́ ṣẹ́. Púlà ni mo fi fà á jáde, n kò lu ú. Bó ti kúrò, ó hàn gbangba: ojú ihò kíì lára fláwíìlì kò bá ti kiránkì mu, kíì sì ti di àtẹ̀gùn. Mo fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi irin líle síbẹ̀ o, nítorí bí abẹ bá tún gbá nǹkan, kíì tí kò gé á jẹ́ kí ìyà náà jẹ kiránkì. Mo nu ibi tí fláwíìlì ti ń jókòó títí ó fi gbẹ táútáú, láìfi gíríìsì kan án, mo sì dè é dé ìwọ̀n tí ìwé ìlò sọ.

Kọ́ìlì kò gbọdọ̀ kan fláwíìlì, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí i. Mílímítà 0.25 ni mo wọ̀n. Mo fi páálí tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ sáàárín wọn, mo yí òòfà dé iwájú kọ́ìlì kó fà á mọ́ra, mo dè bóòtì méjèèjì, mo wá fa páálí náà jáde.

Nítorí kùkùté yẹn, mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo rọra yí abẹ, mo sì ń wo orí bóòtì àárín rẹ̀. Bí orí bóòtì náà bá ń jó sọ́tùn-ún sósì, kiránkì ti tẹ̀, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe nílé. Ó dúró ṣinṣin. Mo pọ́n ẹnu abẹ níbi tó ti ya, mo gbé e kọ́ ìṣó láti rí i pé apá kan kò wúwo ju èkejì lọ. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, SAE 30 (ìwọ̀n bó ṣe ki tó nìyẹn), mo bù ú dé àmì òkè lára ọ̀pá ìwọ̀n, n kò kọjá ibẹ̀.

Ìfà tó tẹ̀ lé e kò gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Èéfín funfun díẹ̀ jáde láti inú sàláńsà, ọ́ìlì tó yà síbẹ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀ ló ń jó, ó sì dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Mo ti ṣókù wọlé pátápátá, dídún rẹ̀ kò yí padà. N kò ṣí fáálífù, àwọn ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín ń gbà jáde, rárá. Ẹ́ńjìnnì tó ń jí nígbà tó tutù àti nígbà tó gbóná, tí pístìnì rẹ̀ sì ń le mọ́ okùn bó ṣe yẹ, kò fún mi ní ìdí láti ṣí wọn.

Nígbà tí a gé koríko tán, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí epo táǹkì fi gbẹ tó sì kú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tó tutù, mo tú bóòtì abọ́ káábúrétọ̀ kí ìyókù kán jáde, mo dè é padà, mo sì kọ ọjọ́ tí a ra epo tó kù sára kẹ́ẹ̀gì kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbé ẹ̀rọ náà lọ.