Ètò Inú Ọkọ̀ Ojú Omi Oní-Póńtúùn: Bí A Ṣe Ń Yan Ìjókòó, Àyè Ẹrù àti Ọ̀nà fún Àga Onítáyà

Ọkọ̀ ojú omi oní-póńtúùn kò ní ikùn jíjìn bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi yòókù. Àgbá alumíníọ̀mù gígùn méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, ló ń gbé e léfòó, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí wọn láti iwájú dé ìdí. Nítorí èyí, nínú gbogbo ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí omi, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ìdílé tó ní ẹni tó ń lo àga onítáyà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pẹrẹsẹ yìí kò wúlò bí wọ́n bá ti to ìjókòó oní-tìmùtìmù kún un débi pé àga onítáyà kò lè gba ẹnu géètì kọjá, tàbí pé, bó bá tilẹ̀ wọlé, kò ríbi yí sí, tí ẹni tó jókòó nínú rẹ̀ á sì wà ní kọ̀rọ̀ kan bí ẹrù tí wọ́n gbé sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo rọ̀ yín láti ṣe ni pé kí ẹ kọ́kọ́ fa ọ̀nà àga onítáyà láti orí èbúté dé ibi tí yóò dúró sí nínú ọkọ̀, kí ẹ tó wá ronú kan ìjókòó àwọn yòókù, kí ẹ sì fi àyè ẹrù ṣe ìgbẹ̀yìn. Ìjókòó ṣeé tú, àpótí ẹrù ṣeé gbé, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè mú kí ọkọ̀ fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe kàn án lọ, géètì tí wọ́n sì ti jó mọ́ irin ààbò kò ṣeé sún kúrò níbẹ̀ láìná owó gọbọi.

Ẹ kọ́kọ́ wọn àga àti ẹni tó ń lò ó

Ẹ má ṣe wọn àga náà lófìfo. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹni tó ni ín bá wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà máa ń yọ síta, ìka ẹsẹ̀ sì máa ń yọ síwájú ju ibi ìgbẹ́sẹ̀lé lọ. Ẹ kọ fífẹ̀ rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ kan dé ìkejì sílẹ̀, àti gígùn rẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn táyà, àti bí orúnkún ṣe ga tó sí ilẹ̀, àti ìwúwo àga pẹ̀lú ènìyàn. Ọ̀pọ̀ àga tí a ń fi ọwọ́ yí máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70. Èyí tó ń lo bátìrì lè wúwo ju kìlógíráàmù 100 lọ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń wá òṣùwọ̀n tí ẹ lè gbára lé, ìlànà tí Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ kí ilé lè gba aláàbọ̀ ara yóò ràn yín lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ni wọ́n ní lọ́kàn. Ó ní kí ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ má ṣe dín sí sẹ̀ǹtímítà 81.5, kí ibi tí àga kan yóò dúró sí fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 76, kí ó sì gùn tó 122, kí àyè tí àga fi ń yí po sì jẹ́ òbìrí tí ìdábùú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 152.5.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé àwọn ìwọ̀n yìí wọ inú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oní-póńtúùn fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8 ààbọ̀, ìyẹn nǹkan bíi mítà 2.59, láti etí dé etí. Bí ẹ bá yọ irin ààbò àti etí ilẹ̀ tó yọ síta lára rẹ̀, inú ọkọ̀ á kù sí nǹkan bíi mítà 2.4. Ètò tó wọ́pọ̀ jù ni bẹ́ǹṣì gígùn méjì tó kọjú síra wọn níwájú; bí ìkọ̀ọ̀kan bá gba sẹ̀ǹtímítà 70, àlàfo àárín wọn kò ju mítà 1 lọ. Àga onítáyà lè gba ibẹ̀ kọjá bí ẹnikẹ́ni kò bá na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè yí padà níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan nínú bẹ́ǹṣì méjèèjì, àlàfo náà á di mítà 1.7, òbìrí ìyípo á sì wọ inú rẹ̀, á tún kù díẹ̀. Ìṣirò yìí ni mo fi ń dá ètò tó yẹ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kàn dára ní ojú àwòrán. Ètò oní-bẹ́ǹṣì méjì níwájú kò yẹ fún ẹni tí yóò wà nínú àga rẹ̀ jálẹ̀ ìrìn àjò, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á yìn ín tó.

Géètì àti afárá ìwọlé

Géètì lè wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti nídìí ọkọ̀. Ẹ fi ti ìdí sílẹ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnnì àti àkàbà àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ló gba ibẹ̀. Ti iwájú ní àǹfààní kan tí kò kéré: àga á wọlé tààrà láìsí pé ó ń yí. Ṣùgbọ́n imú ọkọ̀ nìkan ló fara kan èbúté nígbà náà, ìdí rẹ̀ á sì máa fì sọ́tùn-ún sósì, àfi bí èbúté náà bá ní òpó tí ẹ lè so ìdí ọkọ̀ mọ́ ní ìhà méjèèjì. Ti ẹ̀gbẹ́ ni èmi fara mọ́ jù, torí pé ọkọ̀ á fi gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti èbúté, okùn iwájú àti ti ẹ̀yìn á sì mú un dúró gbọin. Ohun tó ń béèrè ni pé kí àga yí lọ́gán tó bá ti wọlé, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí bẹ́ǹṣì tí ẹ máa yọ jẹ́ èyí tó wà ní ìhà géètì. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ yìí, apá ọ̀tún ni sítíárì máa ń wà, nítorí náà géètì ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń wà lápá òsì. Ẹ wò ó dáadáa bóyá apá òsì ni ọkọ̀ yín yóò fi máa ti èbúté tí ẹ máa ń lò, kí ẹ tó san owó.

Ẹ wọn àlàfo géètì lẹ́yìn tó bá ti ṣí tán, nítorí ìlẹ̀kùn rẹ̀ àti irin tó ń dá a dúró lè jẹ nínú àlàfo náà. Ẹ wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú: etí irin tó ga sókè díẹ̀ lásán lè dá táyà kékeré iwájú dúró lójijì, kí ó sì ta ẹni tó wà nínú àga síwájú. Inú ni ó yẹ kí géètì máa ṣí sí, kí ẹni tó bá fara tì í má bàa já sómi. Àyè tí ìlẹ̀kùn náà sì ń gbà bó bá ṣí sínú gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò yín.

Ní ti afárá tí àga yóò gùn, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò nínú ilé ni pé kí gíga sẹ̀ǹtímítà 1 ní gígùn sẹ̀ǹtímítà 12. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju èbúté lọ, afárá náà gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180. Omi máa ń kún, ó máa ń fà, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì máa ń rì sísàlẹ̀ díẹ̀ bí èèyàn bá ṣe ń wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ wọn gíga yìí nígbà tí omi kún jù àti nígbà tó fà jù. Ẹ so orí kan afárá náà mọ́lẹ̀, kí orí kejì lè máa yọ̀ síwá-sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ń mì, kí ẹ sì rí i pé ó ní etí ní ìhà méjèèjì kí táyà má bàa yà kúrò lórí rẹ̀. Ẹ sì ní láti wá àyè tí afárá náà yóò máa wà nígbà tí ọkọ̀ bá ti ṣí. Àyè ẹrù àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ ní nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì rántí rẹ̀.

Ibi tí àga yóò dúró sí

Àárín gígùn ọkọ̀ ni mímì rẹ̀ kéré jù. Iwájú ni ìgbì ti ń gbé èèyàn sókè-sódò, tí omi sì ti ń ta síni lára. Ìdí ọkọ̀ sì súnmọ́ èéfín ẹ́ńjìnnì, tó ní gáàsì carbon monoxide tí kò ní òórùn, tó sì lè pa èèyàn. Ẹ fi àga náà sí ibi tó súnmọ́ àárín jù nínú àyè tí bẹ́ǹṣì tí ẹ yọ níwájú fi sílẹ̀, kí ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ kọjú sí ibi tí àwọn yòókù jókòó sí. Ẹni tó bá kọ ẹ̀yìn sí ìtàkurọ̀sọ ní gbogbo ọ̀nà kò tíì bá wọn rìn, bó tilẹ̀ wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú wọn.

Bíréèkì àga nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n de òrùka irin mẹ́rin mọ́ ilẹ̀, kí bóòtù wọn wọnú irin tó gbé ilẹ̀ ọkọ̀ ró, kì í ṣe inú pákó lásán, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì tó ṣeé tú wéré so àga mọ́ wọn. Àga ni kí ẹ so o. Ẹ má ṣe so ènìyàn mọ́ àga tàbí mọ́ ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá wà lórí omi, torí bí ọkọ̀ bá dojú dé, ohun tí ẹ fi ṣe ààbò ni yóò fà á wọlẹ̀. Ẹ̀wù amúniléfòó ni ààbò rẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un nínú àga gan-an kí ẹ tó rà á, torí pé èyí tó nípọn lẹ́yìn lè máa tì í síwájú.

Àwọn mìíràn fẹ́ kúrò nínú àga wọn bọ́ sórí ìjókòó ọkọ̀. Ẹ bi ẹni náà, ẹ má ṣe pinnu fún un. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló fẹ́, ẹ wá ìjókòó tí gíga rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti àga rẹ̀, tí kò ní ìgbọ́wọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àga yóò ti fara tì í. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ni yóò máa wa ọkọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń darí ọkọ̀ yìí, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń mú un sáré, nítorí náà kò sí ohun tí ẹsẹ̀ ní láti tẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí ìjókòó ìdí sítíárì ṣeé yọ, kí àlàfo orúnkún sì wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 69 láti ilẹ̀.

Ìjókòó àwọn yòókù àti àyè ẹrù

Ètò tí mo fara mọ́ jù ni ìjókòó tó ṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ bíi lẹ́tà L nídìí ọkọ̀, bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo níwájú ní ìhà tí géètì kò sí, àti ìjókòó alágbèéká kan tàbí méjì tí ẹ lè gbé jáde lọ́jọ́ tí àga onítáyà kò bá sí nínú ọkọ̀. Ìjókòó tó ń yí bírí, èyí tí àwọn apẹja fẹ́ràn, dára nítorí pé kò gba àyè púpọ̀, àmọ́ òpó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú òbìrí ìyípo. Ihò tí wọ́n ń ti òpó tábìlì bọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Bí ẹ bá máa ń ju ènìyàn mẹ́jọ lọ, ẹ wá ọkọ̀ tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 22 lọ, ẹ má ṣe fún wọn pọ̀ sínú èyí tó kúrú.

Abẹ́ ìjókòó ni àyè ẹrù tó pọ̀ jù wà, yíyọ bẹ́ǹṣì kan yóò sì gba apá kan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ọkọ̀ alágbàá mẹ́ta sábà máa ń ní ihò ẹrù gígùn nínú ilẹ̀ tó lè dí àyè yẹn, bí ìdérí rẹ̀ kò bá ní òrùka tó yọ sókè tí táyà lè kọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ibi tí ẹrù pọ̀ sí lọ ni ibi tí ọwọ́ lè tó. Ohun èlò ìpaná, àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì àti fèrè gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹni tó jókòó lè nawọ́ mú, láàárín sẹ̀ǹtímítà 38 sí 122 láti ilẹ̀. Ẹ má sì ṣe kó ẹ̀wù amúniléfòó sábẹ́ ìjókòó tí àga onítáyà yóò dúró síwájú rẹ̀, torí kò ní ṣeé ṣí nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù.

Ìwúwo ni ó yẹ kó pinnu ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan yóò wà. Bí àga oní-bátìrì bá wà lápá òsì, kí ìdákọ̀ró àti àpótí yìnyín wà lápá ọ̀tún. Ẹ ka ìwúwo àga náà mọ́ ìwọ̀n ènìyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé, èyí tí wọ́n kọ sára àwo irin inú ọkọ̀, ẹ má sì ṣe kó ohun wíwúwo jọ síwájú, nítorí imú tó bá wúwo jù lè rì sábẹ́ ìgbì. Ọkọ̀ alágbàá mẹ́ta ń gbé ẹrù ju alágbàá méjì lọ, kì í sì í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi tirẹ̀. Bí àga náà bá jẹ́ oní-bátìrì, òun ni kí ẹ rà bí owó yín bá ká a.

Ní ti ilẹ̀, ẹ kọ kápẹ́ẹ̀tì, torí ó ń fa táyà sẹ́yìn, ó sì ń mu omi. Ẹ yan rọ́bà tí ojú rẹ̀ kì í yọ̀. Ìbòrí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣíji bo ibi tí àga yóò dúró sí ní pàtó, torí ọ̀pọ̀ ẹni tí eegun ẹ̀yìn wọn fara pa kì í lè làágùn dáadáa, ooru sì lè tètè dá wọn dùbúlẹ̀. Kí òpó ìbòrí náà má sì wà lẹ́nu géètì.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ fi sẹ́lótéèpù ya ilẹ̀ ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀ gbalasa ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú géètì, bẹ́ǹṣì àti sítíárì. Ẹ to àga ilé sí ibi tí ìjókòó yóò wà, kí ènìyàn jókòó sí wọn kí wọ́n sì na ẹsẹ̀ bó ti máa ń rí. Kí ẹni tó ń lo àga onítáyà wá wọlé, kí ó yí, kí ó dúró sí àyè rẹ̀, kí ó sì tún jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde fún un. Ibi tó bá ti há ni kí ẹ sàmì sí. Ẹ mú àwòrán náà lọ bá ẹni tó ń kan ọkọ̀, kí ó má ṣe de bẹ́ǹṣì tí ẹ kò fẹ́ rárá, kí ó sì ti òrùka irin mẹ́rin náà bọ ilẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ rọ́bà lé e lórí, nítorí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ́ ẹ, ìnáwó rẹ̀ á pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ.