Àṣìṣe Tí Àwọn Ayàwòrán Tuntun Ń Ṣe Nípa Iye Owó Iṣẹ́ Wọn

Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń ya àwòrán tà ní Èkó, kò sì sí àfihàn tí mo lọ tí n kì í bá ọ̀dọ́ kan pàdé tí iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tí iye tí ó kọ sára rẹ̀ ń lé oníbàárà sá. Ó ń dùn mí, nítorí kánfáàsì àti ọ̀dà ti gbówó lórí gan-an láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, owó tí wọ́n sì fi rà wọ́n kì í padà wọlé mọ́.

Èkíní, ẹ má ṣe díye lé àwòrán nítorí bí ó ṣe wù yín tó. Bí ìwọ̀n méjì bá dọ́gba, tí ohun tí ẹ fi yà wọ́n sì jẹ́ ọ̀kan náà, iye kan náà ni kí wọ́n jẹ́.

Èkejì, ẹ wọn iṣẹ́ yín. Àwòrán íǹṣì 24 sí 36, bí ẹ bá fi ìbú rẹ̀ sọ gígùn di púpọ̀, jẹ́ íǹṣì 864 níbùú lóròó. Ní ₦500 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦432,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí máa ń fò sókè jù bí kánfáàsì bá ti tóbi: 36 sí 48 yóò di ₦864,000. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ro gígùn pọ̀ mọ́ ìbú: 24 pẹ̀lú 36 jẹ́ 60, ní ₦7,200 fún íǹṣì kan, ₦432,000 kan náà ni; 36 pẹ̀lú 48 jẹ́ 84, ìyẹn sì jẹ́ ₦604,800 péré. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì dúró tì í.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka owó férémù mọ́ ọn.

Ẹ má sì ṣe fi owó gbàǹjo díwọ̀n ara yín. Lóòótọ́ ni wọ́n ta àwòrán Tutu tí Ben Enwonwu yà ní £1.2 mílíọ̀nù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018, ṣùgbọ́n Enwonwu ti kú láti 1994, ẹni tí àwòrán náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó tà á. Ọjà àtúntà nìyẹn. Iṣẹ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ kò tíì dé ibẹ̀.

Èyí tí ó ń bí mi nínú jù lọ ni kí ayàwòrán máa ta iṣẹ́ nílé ní ìdajì iye tí gálárì, ilé tí ń gbé àwòrán kọ́ tà fún ayàwòrán, ń tà á. Gálárì sábà máa ń mú ìdá 40 sí 50 nínú 100 owó tí wọ́n bá ta iṣẹ́, àwọn tuntun á sì ní olè ni wọ́n. Wọn kì í ṣe olè. Owó ilé, jẹnẹrétọ̀, àwọn òṣìṣẹ́, àti àwọn olùrà tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, inú ìdá náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ẹ bá sọ fún oníbàárà pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ nílé, màá bá yín dín in kù,” ẹni tí ó ti san owó pípé ṣáájú ni ẹ ń rẹ́ jẹ.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́, gálárì kan gbé àwòrán mi mẹ́fà kọ́ ní ₦400,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan rí wọn níbẹ̀, ó wá mi wá sí Ṣúrùlérè, ó ná an títí, mo sì ta irú rẹ̀ kan fún un ní ₦180,000, inú mi ń dùn pé owó dé kíákíá. Kò pé oṣù kan tí ó fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀, àṣé ọ̀rẹ́ náà ni ó ti ra méjì ní gálárì. Obìnrin tí ó ni gálárì kò bá mi jà. Ó di mẹ́rin tí ó kù sínú pépà, ó fi wọ́n ránṣẹ́ padà. Ọdún méjì ni mo fi wá ẹlòmíràn tí yóò gbà mí.

Nítorí náà, bí oníbàárà bá ní kí ẹ dín in kù, kí ẹ̀dínwó má ṣe ju ìdá 10 nínú 100 lọ, kí ó sì rí bákan náà nílé àti ní gálárì. Bí owó rẹ̀ kò bá tó, ẹ fi iṣẹ́ tí ó kéré hàn án, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ó san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe já iye yín wálẹ̀ nítorí pé owó ilé pé. Ẹ kọ ìwọ̀n àti iye iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ẹ sì fún gálárì ní ẹ̀dà rẹ̀ kí wọ́n tó kan ìṣó àkọ́kọ́ mọ́ ògiri.