Bí mo ṣe ń fi fíìmù Yorùbá kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba wọ kíláàsì SS2 mi ní Ilé-Ifẹ̀, odindi rẹ̀ ni mo fi hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, inú mi dùn. Ìdánwò dé, ọmọ kan kọ ọ́ pé Ọdúnladé kò lè kú nítorí ìyàwó tuntun. Ọdúnladé kẹ̀! Òṣèré ló mọ̀, kò mọ Ẹlẹ́ṣin, ẹni tó yẹ kó bá ọba kú nínú ìwé. Kò ṣíwèé rárá.

Láti ìgbà náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni mò ń fi hàn, lẹ́yìn tí a bá ti ka ibẹ̀ nínú ìwé tán.

Gẹ̀ẹ́sì ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ Death and the King's Horseman, ìwé eré tó jáde ní 1975. Nínú Ẹlẹ́ṣin Ọba, fíìmù tí Bíyí Bándélé fi ìwé náà ṣe, tó jáde ní 2022, Yorùbá ni wọ́n ń sọ jù, Gẹ̀ẹ́sì wá ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ wà.

Ẹ gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi bo ìsàlẹ̀ ojú táblẹ́ẹ̀tì kí Gẹ̀ẹ́sì náà má hàn. (Ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ gíláàsì o. Abẹ́ ni mo fi ha tèmi kúrò, ó ti kọlà títí dòní.) Ọ̀wọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá ni kí wọ́n máa wá síwájú, kí àwọn yòókù máa ka ìwé. Sípíkà kékeré tí mo rà ní Láàgéré ló ń gbé ohùn dẹ́yìn. Ẹ ṣáàjì gbogbo rẹ̀ láti ilé. Ẹ má gbọ́kàn lé NEPA.

Wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kálukú á kọ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀: ìlà méjì péré, ìlà kan kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 42 lọ, tí a bá ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ àti àmì ìdánudúró mọ́ ọn. Òfin tí Netflix fi lélẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ fíìmù nìyẹn. Ọmọ tó máa ń fa àròkọ gùn bí okùn kànga, ibẹ̀ lojú rẹ̀ á ti là.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi ojú pátákó dánra wò. Mo kọ "Ẹ kú ọjà o, Ìyá." Ọmọkùnrin kan ní "Happy market, mother." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. N kò jẹ́ kí wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣe é. Ọmọbìnrin kan ní ọjọ́ ọdún ni òyìnbó ń fi "happy" kíni, ó wá kọ "I hope sales are good, ma." Lẹ́tà 26, a kà á. Ẹlòmíràn ní "ma" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì òyìnbó. Ìdajì píríọ́dù la fi jiyàn lórí "ma" yẹn, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń jà á. Mo gbà wọ́n láyè. Èmi fi "ma" sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ta ló máa kí ìyálọ́jà lófìfo?

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí páálí kúrò, kí wọ́n fi tiwọn wé ti fíìmù àti ti ìwé. Nígbà míràn tiwọn máa ń dáa jù. Ẹ sọ ọ́ fún wọn.

Fún The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ níbí ní 1968, n kì í wá fíìmù. Wọ́n á dìde ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan á fi fóònù ká a, wọ́n á wá kọ Yorùbá sísàlẹ̀. Àmì ohùn nìkan gbà wọ́n lọ́jọ́ méjì.