Bí a ṣe ń ṣa ẹ̀pà kí májèlé èbu má bàa wọ ẹ̀dọ̀

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹ̀pà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ̀pà fúnra rẹ̀ kò lẹ́bi rárá. Ìwádìí fi hàn pé àwọn tó ń jẹ ẹ́ déédéé kì í sábà kú ikú àìsàn ọkàn àti jẹjẹrẹ tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ. Èbu, ìyẹn ohun tó máa ń hù lára oúnjẹ tó bá rin, ni ká sá fún. Irú èbu kan tí wọ́n ń pè ní Aspergillus flavus máa ń tú májèlé aflatoxin sínú ẹ̀pà, májèlé yìí ló sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà tó ti bu ṣe. Ẹni tí hepatitis B, ìyẹn kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jà, bá wà lára rẹ̀, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ ga ju ti ẹlòmíì lọ fíìfíì.

Tí ẹ bá dé Ọ̀yìngbò tàbí Mushin, ẹ̀pà tí wọn ò tíì yan ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má wo òkè àpò nìkan, ẹ ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Bó bá ń rinrin, tó sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníṣòwò, bó ti wù kó dín owó tó.

Nílé, ẹ da kóńgò kan sórí atẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ kí ọ̀kan má gun ọ̀kan. Ẹ ṣa èyí tó hunjọ, èyí tó dúdú, èyí tí kòkòrò lu àti èyí tí èèpo pupa rẹ̀ ti ya. Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí, torí ìwọ̀nba hóró díẹ̀ ló sábà máa ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà. Ojú nìkan ò tó o. Ẹ mú ogún hóró tó dára lójú, kẹ́ ẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì: inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun. Bí ẹ bá rí eruku aláwọ̀ eérú tàbí aláwọ̀ ewé láàárín méjì tàbí mẹ́ta, gbogbo kóńgò náà ni kẹ́ ẹ dà nù. Ẹ má fún adìẹ, á ṣe òun náà léṣe.

Ẹ ṣà á kẹ́ ẹ tó yan án. Iná ń dín májèlé yìí kù ni, kì í pa á tán, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo hóró á ti di àwọ̀ kan náà lẹ́yìn yíyan. Kó tutù pátápátá kó tó wọ ìgò. Bí ẹ bá dé e ní gbígbóná, ooru inú rẹ̀ á di omi lábẹ́ ọmọrí, omi ọ̀hún lèbu sì ń wá. Lásìkò òjò Èkó, ẹ̀pà tí ẹ máa jẹ tán lọ́sẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ̀kúnwọ́ kan lóòjọ́, bíi gíráàmù 30, láìsí iyọ̀, ti tó. Èyí tó bá korò lẹ́nu, ẹ tutọ́ rẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ fi omi yọnu. Ní ti ẹ̀pà lílọ̀ àti kúlíkúlí, ojú kankan ò lè ṣa èbu inú wọn mọ́. Èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣà ni kẹ́ ẹ gbé lọ sí ẹ̀rọ.