Bẹ́ ẹ ṣe máa fi péèjì 2MB ṣiṣẹ́ fún Postgres lórí Linux

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Postgres (ètò tó ń tọ́jú dátà, ìyẹn database) lórí sáfà, ẹ kọ́kọ́ tẹ `grep PageTables /proc/meminfo` ná, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà tó máa jáde (iye mẹ́mórì tí page table, ìyẹn àkọsílẹ̀ ibi tí péèjì mẹ́mórì kọ̀ọ̀kan wà, ń gbà), torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í débẹ̀ rárá, wọ́n á kàn máa pariwo pé mẹ́mórì ti tán. Lórí x86-64, 4KB 4KB ni kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ń pín mẹ́mórì tẹ́ ẹ ò bá sọ nǹkan míì fún un, ègé kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ péèjì. Tí shared_buffers yín (mẹ́mórì tí gbogbo Postgres jọ ń lò) bá jẹ́ 8GB, péèjì tó lé ní mílíọ̀nù 2 nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ sì ń gba báìtì 8 nínú page table, ó di 16MB fún process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) kan ṣoṣo tó bá fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀. Kọnẹ́kíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ló sì ní process tiẹ̀ ní Postgres, tí 100 bá wọlé, nǹkan bíi 1.6GB ti lọ nìyẹn, dátà kankan ò sí nínú ẹ̀ o, àkọsílẹ̀ ibi tí dátà wà lásán ni! Pẹ̀lú péèjì 2MB, 8GB yẹn di 4096 péré, TLB inú CPU (ibi kékeré tó ti ń rántí ibi tí péèjì wà) náà á sì rí ara gba nǹkan sí.

Ẹ pa Postgres, kẹ́ ẹ tẹ `postgres -D $PGDATA -C shared_memory_size_in_huge_pages` (láti version 15 ló ti wà), òun ló máa sọ iye péèjì 2MB tó fẹ́, ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀. Ká ní ó pe 4200, ẹ ṣe `sudo sysctl -w vm.nr_hugepages=4200`, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú /etc/sysctl.d náà kó má baà pòórá tẹ́ ẹ bá reboot. Ẹ wá fi `huge_pages = on` sínú postgresql.conf. Mi ò fẹ́ràn `try` tó máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí tí kò bá rí péèjì ńlá, ṣe ló máa rọra padà sí 4KB, ẹ̀yin á rò pé iṣẹ́ ti parí. Tó bá jẹ́ `on`, tí kò sì rí péèjì ńlá, kò ní gbéra rárá, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Sáfà tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ ló máa ń yọ èèyàn lẹ́nu jù, mẹ́mórì ẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, kernel ò rí 2MB tó wà lójú kan, ẹ bèèrè 4200, HugePages_Total inú /proc/meminfo ní 1300 lòun rí. Ẹ di root, kẹ́ ẹ ṣe `echo 1 > /proc/sys/vm/compact_memory` kí kernel lè kó mẹ́mórì tó fọ́ jọ, kẹ́ ẹ tún bèèrè, tí kò bá gbọ́, ẹ reboot.

Tí Postgres bá ti gbéra, ẹ padà sí /proc/meminfo. Tí HugePages_Free (péèjì ńlá tó ṣófo) bá ṣì bá Total dọ́gba, tí HugePages_Rsvd (èyí tí ètò kan ti gbà sílẹ̀ àmọ́ tí kò tíì lò) náà jẹ́ 0, kò sẹ́ni tó ń lò ó, bẹ́ẹ̀ ètò míì tó ń bèèrè mẹ́mórì lásán ò lè fọwọ́ kàn án, ẹ tètè dá nr_hugepages padà sí 0 kẹ́ ẹ tó wá ibi tí wàhálà wà.