Bí mo ṣe fi súwíìsì sí fáànù rédíétọ̀ Camry mi

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, ní Ìwó Road n'Ìbàdàn. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba inú ọkọ̀ kan, mo sì rò pé ti tírélà tó wà níwájú mi ni. Ìgbà tí mo na ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù kí n pa fáànù, ni mo rí i pé súwíìsì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó lẹ̀ mọ́ mi níka.

Kì í ṣe èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, fáànù kọ̀ kò yí mọ́, gééjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi pupa kí n tó dúró. Rẹ́wáyà tí mo gbé e lọ bá kò wá ìdí rẹ̀ rárá. Ó gé wáyà fáànù, ó fa wáyà tuntun tààrà láti orí bátìrì, ó gbà á gba inú súwíìsì kékeré kan, ó sì fi kan fáànù. Ó ní, "Ọ̀gá, a ti ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti yí nìyẹn." Owó tó gbà kò pọ̀, inú mi dùn lọ sílé. Àṣé kò sí fíúsì kankan lórí wáyà náà, 3A (áńpíà mẹ́ta) péré, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbé, ni wọ́n sì kọ sẹ́yìn súwíìsì. Nígbà tí mo wá wọn fáànù yẹn, ohun tó ń fà lé ní 7A nígbà tó bá ti ń yí geerege, ti ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra tún ju ìyẹn lọ. Ẹni tí kò lè gbé àpò gààrí kan la gbé méjì àbọ̀ lé lórí.

Mo ní kí n tún un ṣe fúnra mi. Fisíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná kì í bà mí lẹ́rù. Camry 1996 ni ọkọ̀ mi, èyí tí wọ́n ń pè ní Oróbó, oní 2.2. Mo ti ní ohun tí mo fẹ́ ṣe lọ́kàn: rìlé, ìyẹn súwíìsì tí iná kékeré ń tàn tó sì ń pa, ni yóò máa gbé iná ńlá fún fáànù, súwíìsì inú ọkọ̀ yóò kàn máa pàṣẹ fún rìlé. Mo ra rìlé 40A kan, fíúsì 30A pẹ̀lú ilé rẹ̀, wáyà tó nípọn àti súwíìsì tuntun. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo bọ́ orí nẹ́gétíìfù bátìrì, mo tú gbogbo dáírẹ́ẹ̀tì yẹn dànù, mo sì so wáyà fáànù padà bó ṣe wà látilẹ̀.

Ibẹ̀ ló wá dùn. Mo dá orí bátìrì padà, mo yí kọ́kọ́rọ́ láì tá ẹ́ńjìnnì, mo sì yọ plọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí omi ṣe gbóná, kí n lè fi mítà wò ó. Fáànù ta gìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí! Díẹ̀ ló kù kó gé mi níka. Mo fi plọ́ọ̀gì padà, ó dúró. Mo tún yọ ọ́, ó tún yí.

Mo jókòó lórí táyà, mo rò ó títí ó fi yé mi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jẹ́ pé bí omi bá gbóná, sẹ́ńsọ̀ á so wáyà méjì pọ̀, fáànù á yí. Ti Toyota ayé ìgbà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, òdì kejì ni. Nígbà tí omi bá tutù, sẹ́ńsọ̀ ń so wáyà rìlé tó bá ọkọ̀ wá mọ́ bọ́dì ọkọ̀, rìlé á fà, fífà tó fà yẹn ni kì í jẹ́ kí iná dé ọ̀dọ̀ fáànù. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí 93°C, sẹ́ńsọ̀ á já a, rìlé á tú, fáànù á sì gbéra. Tó bá tutù dé nǹkan bí 83°C, á tún so ó. Ìyẹn ni pé bí eku bá gé wáyà sẹ́ńsọ̀, fáànù á kàn máa yí ṣáá ni, ẹ́ńjìnnì kò ní jóná. Ẹni tó ro èyí gbọ́n.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ mi ló ti lẹ̀, tí kò já mọ́. Ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá, mo gba omi rédíétọ̀ sínú bàsíà, mo tú sẹ́ńsọ̀, mo fi mítà kàn án. Ó dún, ìyẹn ni pé ó so pọ̀. Mo rì í sínú omi tó ń hó lórí sítóófù, ó ṣì ń dún. Òkú ni.

Mo mú mítà lọ sí Agodi Gate, mo ní kí àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ mú sẹ́ńsọ̀ wá. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn ni ẹnì kan ti ń ta tíì àti búrẹ́dì, kẹ́tù rẹ̀ sì ń hó lórí iná. Mo ra omi gbígbóná nìkan, kò sí tíì, kò sí mílíìkì. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí. Àkọ́kọ́ kò já. Èkejì dún nígbà tó tutù, ó sì dákẹ́ nínú omi gbígbóná. Ìyẹn ni mo san owó rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ti wọlé, fáànù ti ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni, ó lè lẹ̀ lọ́la bíi ti àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ràn kí fáànù ti máa yí kí gééjì tó gòkè bí mo bá rí i pé ojú ọ̀nà ti dí. Súwíìsì gbọ́dọ̀ wà, àmọ́ kó má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sẹ́ńsọ̀. Ohun tí n kò fẹ́ràn nínú dáírẹ́ẹ̀tì nìyẹn: ọjọ́ tí o bá gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á hó.

Iṣẹ́ náà wá kéré ju ohun tí mo rà lọ. Tó bá jẹ́ pé jíjá wáyà ló ń mú fáànù yí, mi ò nílò rìlé tuntun kankan. Mo bọ́ orí bátìrì, mo gé wáyà sẹ́ńsọ̀ níbi tó fi nǹkan bí ìka mẹ́rin jìnnà sí plọ́ọ̀gì, kí n lè ní ohun tí màá dì mú bí mo bá fẹ́ tún un so lọ́jọ́ mìíràn. Mo so wáyà tínrín méjì mọ́ ojú méjèèjì, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn pọ̀, mo wọ rọ́bà lé wọn. Hángà aṣọ tí mo nà gbọọrọ ni mo fi tì wọ́n gba ògiri irin sínú ọkọ̀, mo sì so wọ́n mọ́ súwíìsì. Bó bá wà nísàlẹ̀, wáyà so pọ̀, sẹ́ńsọ̀ ló ń pàṣẹ. Bó bá wà lókè, wáyà já, fáànù ń yí. Iná tó ń gba inú súwíìsì báyìí kò tó ìdá márùn-ún 1A, kò sí ohun tó máa yọ́. Wáyà yìí kan náà ni éésì ọkọ̀ fi ń pàṣẹ fún fáànù, ṣùgbọ́n gáàsì tèmi ti tán láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò yọ ara mi lẹ́nu.

Mo tì í sókè, fáànù kò yí. Mo tì í sísàlẹ̀ àti sókè títí, pàbó. Mo ti ń bú tòkunbọ̀ kí n tó rántí pé kò kàn án. Mo fa wáyà jáde: etí irin ti bó rọ́bà ara ọ̀kan, ó sì ń kan bọ́dì. Èyí tó ti ọ̀dọ̀ rìlé wá ni, rìlé sì rò pé sẹ́ńsọ̀ ló ń so òun. Ẹ kíyè sí ibí yìí dáadáa tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, torí bí wáyà yẹn bá kan bọ́dì, súwíìsì kò ní ṣiṣẹ́, sẹ́ńsọ̀ náà kò ní ṣiṣẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ọkọ̀ á fi hó. Mo gé ọ́ọ̀sì tí mo rí nílẹ̀, mo fi bo wáyà méjèèjì níbi tí wọ́n ti gba ihò kọjá, mo dè wọ́n jìnnà sí abẹ́ fáànù àti ẹgisọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìyẹn, mo tá ẹ́ńjìnnì, mo fi súwíìsì sísàlẹ̀, mo ń wo gééjì. Kó tó dé àárín, fáànù gbéra fúnra rẹ̀, ó yí fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó dákẹ́.

Bàbá Ìbejì, alájọgbélé wa, ti dúró sẹ́yìn mi látìgbà tí mo ti ń bú wáyà. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ bá mi ṣe ti Golf mi náà." Golf 3 ni. Mo sọ fún wọn pé, "Bàbá, tiyín yàtọ̀ o." Ti wọn, síso ló ń mú un yí, kódà bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí lára ọkọ̀. Rìlé tí mo ti rà wá wúlò: ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n kọ 30 àti 87 sí, àwọn tó máa ń so pọ̀ bí rìlé bá fà, ni mo fi so wáyà méjì tó wà lẹ́nu sẹ́ńsọ̀ pọ̀, láì yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò. Ẹsẹ̀ 86 àti 85 ló ń gba iná tó ń mú rìlé fà. Mo gba iná ẹsẹ̀ 86 láti ibi fíúsì tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ló ń tàn án, kí bátìrì wọn má baà kú mọ́jú bí wọ́n bá gbàgbé. Ẹsẹ̀ 85 gba inú súwíìsì lọ sí bọ́dì. Kò tó wákàtí méjì tá a fi parí ẹ̀.

Wọ́n ṣàdúrà fún mi gan-an. Owó rìlé kò tíì wọlé.